Ẹ Má Yan Bàtà Níná

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, lẹ́yìn tí a ti ka owó ẹgbẹ́ tán tí a sì ti gbàdúrà fún àwọn tí ara wọn kò yá, ìyá kan dìde láàrin àwọn obìnrin, wọ́n sì béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí bàtà ọmọ tí òjò bá pa, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí bàtà ilé ìwé ọmọ wọn yóò yanu kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa tó wákàtí kan, kò sí ẹni tí kò ní ìtàn bàtà tirẹ̀ láti sọ, ọwọ́ akọ̀wé kò sì ká a mọ́. Ohun tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà, àti ohun tí àwọn aránbàtà tí ó wà láàrin wa ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn rẹ̀, ni a kó jọ síhìn-ín.

Ẹni tí kò gbé ìlú yìí rí lè béèrè pé kí ni bàtà tútù ń wá ní Borno, ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ iyanrìn. Òótọ́ ni pé òjò tiwa kò pọ̀. Nǹkan bí 600 mìlímítà ni ó ń rọ̀ ní Maiduguri lọ́dún, èyí kò sì ju bí ìdajì ti Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n láàrin Júùnù sí Sẹ̀tẹ́ńbà ni ó fi ń rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì ni ó sì ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, omi kì í tètè rí ibi tí yóò gbà lọ. Ọmọ tí ó bá ti ilé ìwé bọ̀ lọ́jọ́ òjò yóò wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀, bàtà rẹ̀ yóò sì rin gbindin.

A kò sì lè sọ̀rọ̀ omi ní Maiduguri kí a má mẹ́nu ba ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà 2024. Ìsédò Alau, tí ìjọba kọ́ sórí odò Ngadda láàrin 1984 sí 1986, ya, omi sì wọ ìlú kí ilẹ̀ tó mọ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní 1994, ṣùgbọ́n àwọn tí ojú wọn ṣe méjèèjì sọ pé ti ọ̀tẹ̀ yìí burú jù. Gwange, Gamboru, Bulabulin, agbègbè Post Office, Monday Market, àní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì pàápàá, omi wọ gbogbo rẹ̀. Ní ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko ni ó kú, àwọn alábòójútó ibẹ̀ sì kìlọ̀ fún ará ìlú pé ọ̀nì àti ejò ti bá omi wọ àdúgbò. Nǹkan bí 400,000 ènìyàn ni ó sá kúrò nílé. Àwọn kan nínú wa wà lára wọn, àwọn kan sì wà lára àwọn tí ó gbà wọ́n sílé.

Nígbà tí omi lọ sílẹ̀, tí a padà lọ wo ohun tí ó kù, ohun tí a kọ́kọ́ ń rí lórí ògiri ọgbà kálukú ni bàtà. Àpótí ti fọ́, tìmùtìmù ti di ohun jíjù nù, ìwé ẹ̀rí ọmọ ti di ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n a ṣì ń retí pé bàtà lè yè é. Bàtà àárọ̀ Sunday, bàtà ọjọ́ Jímọ̀, sàńdáàlì ilé ìwé, kánfáàsì ọmọkùnrin, gbogbo rẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹni pé àwọn tí ó ni wọ́n ń kírun nínú ilé. Ìgbà náà ni a ṣe àṣìṣe púpọ̀.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa wà tí wọ́n ń ṣe ọdẹ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Búùtù aláwọ dúdú kan ṣoṣo ni wọ́n ní, èyí tí okùn rẹ̀ gùn dé ojúgun, wọ́n sì fi í la omi kọjá ní Gwange pẹ̀lú ọmọ kan lọ́rùn. Ilé àbúrò wọn ni wọ́n sá lọ. Ọ̀gá wọn ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá ṣọ́ ẹrù tí ó kù ní ọ̀la, ẹni tí kò bá sì wọ búùtù kì í gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Kí ni bàbá ṣe? Wọ́n da èédú sínú àdògán, wọ́n gbé e sínú yàrá nítorí òjò tún ń ṣú níta, wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, wọ́n sì to bàtà méjèèjì yí i ká bí ẹni ń yan àgbàdo. Àwọn àti ìyàwó wọn àti ọmọ méjì sùn nínú yàrá náà.

Ní òru, ọmọ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí bì. Ìyá rẹ̀ fẹ́ dìde, orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ó rò pé ibà ni. Ọlọ́run ni ó ní kí àbúrò bàbá jáde lọ tọ̀, kí ó sì gbọ́ ariwo ọmọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa gbogbo wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jí ni bàbá fúnra wọn.

A sọ ìtàn yìí pẹ̀lú àṣẹ wọn, nítorí wọ́n ní kí a sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn oníṣègùn ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í sì í ta ojú bí èéfín igi. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wọ̀, a sì gba àyè tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere gbà. Orí fífọ́ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà èébì, lẹ́yìn náà oorun tí ènìyàn kì í jí. A mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, nínú Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì tí òtútù òru ìlú yìí ń wọ ènìyàn léegun, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń gbé èédú wọ yàrá láti yá iná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá a níta tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ti pé ẹ fẹ́ gbẹ bàtà kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ gbé e wọlé rárá.

Bàtà náà ńkọ́? Ó gbẹ lóòótọ́. Orí rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ṣí kúrò, bàtà sì ti súnkì dé ibi pé ẹsẹ̀ bàbá kò wọ inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n yá bàtà wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

A bi aránbàtà kan nínú wa léèrè ìdí tí iná fi ń ṣe awọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ń jókòó ti àwọn Hausa tí ń ṣiṣẹ́ awọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní dukawa, ó sì mọ iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò. Ó ní awọ ẹran kì í ṣe aṣọ. Okùn tín-tìn-tín tí ó hun mọ́ra wọn ni, òróró tí oníṣẹ́ awọ fi ra á ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Awọ tí a fi èso bagaruwa ṣe ní ilẹ̀ Hausa àti Borno, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sàńdáàlì tí a ń rà lọ́jà, kò lè fara da ooru nígbà tí ó bá tutù. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí 70 sí 85 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn okùn inú rẹ̀ yóò káko, kò sì sí ohun tí a lè ṣe tí wọn yóò tún nà mọ́. Awọ ilé iṣẹ́ ńláńlá, tí wọ́n ń fi oògùn kan tí ń jẹ́ chrome ṣe, lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n òróró inú tirẹ̀ náà yóò gbẹ bí a bá yan án. Tí a bá wá wo gọ́ọ̀mù tí ó mú àtẹ́lẹ̀ mọ́ bàtà, kí awọ tó sán rárá ni òun ti ń yọ́. Ìdí nìyí tí bàtà ọmọ ìyá tí ó béèrè ọ̀rọ̀ fi ń yanu: ẹ̀yìn ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, níbi tí èéfín gbígbóná ti ń jáde, ni ọmọ náà ń gbé e sí!

Bàbá kan náà ṣẹ̀ sí i, wọ́n ní àwọn kì í lo iná, orí páànù ni àwọn ń sá bàtà sí. Aránbàtà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí bàbá fi ọwọ́ kan páànù ní agogo méjì ọ̀sán ní Maiduguri, kí wọ́n sì wá sọ fún òun bóyá iná kọ́ nìyẹn.

Ohun tí gbogbo wa wá fẹnu kò lé lórí ni pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbẹ bàtà. Ooru kan ń yára ba iṣẹ́ jẹ́ ni. Bí bàtà bá rin, ẹ tètè bọ́ ọ, ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù, ẹ yọ okùn rẹ̀, ẹ fa ahọ́n rẹ̀ síta, ẹ sì yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ bí ó bá ṣeé yọ, nítorí abẹ́ ìtẹ́lẹ̀ yẹn ni omi ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ rún ìwé ìròyìn àtijọ́, kí ẹ sì ki í bọ inú bàtà títí dé ọmọníka, kí ó kún ṣùgbọ́n kí ó má fún bàtà wú. Ìwé náà yóò mu omi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà nìyí: wọ́n á fi ìwé sí i lálẹ́, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di òwúrọ̀. Ìwé tí ó ti mu omi yó kò lè mu òmíràn. Ńṣe ni yóò máa pa ọ̀rinrin mọ́ inú bàtà títí bàtà yóò fi bu. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí ìwé tí ẹ yọ yóò fi máa dún wàràwàrà lọ́wọ́. Ìwé ẹgbẹ́ tiwa yìí náà wúlò fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Bí bàtà bá jẹ́ kánfáàsì funfun, ẹ lo àkísà mímọ́, nítorí tàdáwà ìwé ìròyìn a máa ràn án.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá ìrẹsì kò dára ju ìwé lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń fi fóònù tí ó bọ́ sómi sínú ìrẹsì. Àwọn obìnrin kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ìrẹsì tí owó rẹ̀ ti gun òkè tó báyìí! Kò sì tilẹ̀ lè mu omi bí ìwé, eku nìkan ni yóò pè wá sínú bàtà.

Ẹ wá dá bàtà lé ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ẹ fi ìmú rẹ̀ ti ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè kan àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ ibòji ni kí ó wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí iná mànàmáná bá wà, ẹ kọjú fáànù sí i. Nínú Ọ́gọ́ọ̀sì tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, búùtù lè gba ọjọ́ méjì kí ó tó gbẹ dénú, ẹ má sì kánjú. Nígbà ọyẹ́, òwúrọ̀ kan ti tó, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni awọ ń sán jù, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa fa omi àti òróró jáde lára ohun gbogbo, títí kan ètè wa. Nítorí náà, nígbà tí bàtà bá kù díẹ̀ kí ó gbẹ tán, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á lára, kí ẹ fi àkísà tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ tó fi pólíìṣì kùn ún ní ọjọ́ kejì. Àwọn dukawa ń lo òróró ẹ̀pà. Àwa ní òrí nílé, ìyá wa kò sì fi ṣe ọ̀ràn láti fi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́.

Ti bàtà rọ́bà tí a fi ń rìn nínú òjò yàtọ̀ díẹ̀, nítorí rọ́bà kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Àgbà kan tí bàbá wọn bá iṣẹ́ rélùwéè dé ìlú yìí, nígbà tí ojú irin dé Maiduguri ní 1964, kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn. Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń sá sóòrùn títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, wọ́n á di ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì tì í bọ inú bàtà. Iyanrìn kò sì wọ́n wa ní Borno. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbé e nítorí gbígbóná, ẹ má tì í bọ inú bàtà.

Bàtà tí omíyalé bá wọ̀ kì í ṣe ti òjò lásán. Omi 2024 gba inú ṣáláńgá àti ibi òkú ẹran kọjá kí ó tó dé ilé wa, nígbà tí ó sì di Ọ̀tọ́bà ọdún náà ìjọba Borno kéde pé àìsàn kọ́lẹ́rà ti bẹ́ sílẹ̀. Irú bàtà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ nínú àti lóde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, ẹ má gbé e nítòsí ìkòkò omi mímu, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Bàtà ọmọ ọwọ́ tí omi náà bá ti rin títí dénú tìmùtìmù rẹ̀, àwa yóò jù ú nù ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsàlẹ̀ dé kì í mọ̀. Àkekèé ìlú yìí fẹ́ràn ibi òkùnkùn tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀, inú búùtù sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bàtà tí ó bá sùn síta, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbá àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó wọ inú rẹ̀.

Nípa ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, a kò ní sọ púpọ̀. Gbogbo ìyá tí ó ń fọ aṣọ mọ bí omi ṣe ń jẹ àárín ọmọníka. Nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ẹsẹ̀ wọn kú nínú bàtà tútù nínú kòtò ogun ní ilẹ̀ Faransé, láìṣe pé ìbọn bà wọ́n, títí àwọn ọ̀gágun fi pàṣẹ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ kí wọ́n sì máa fi òróró pa ẹsẹ̀. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni a ń bẹ̀ jùlọ: bàtà tí ó ti gan nítorí iná lè bó wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n má mọ̀, egbò wọn kì í sì í tètè jinná.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun náà ní tiwọn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ní ọmọbìnrin kan ní Winnipeg, ní Kánádà, níbi tí òtútù Jánúárì ti máa ń lọ sí 20 sísàlẹ̀ òdo àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi fóònù kí ìyá rẹ̀, ó sì sọ láàrin ọ̀rọ̀ pé,

"Mà mi, yìnyín ti rin bàtà mi pátápátá. Mo ti gbé e lé orí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kó lè gbẹ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́la."

"Gbé e kúrò níbẹ̀, ọmọ mi! Ṣé mi ò sọ ohun tó ṣe bàtà bàbá ọlọ́dẹ fún ọ ni? Ṣé ìwé ìròyìn wà lọ́hùn-ún?"

"Èmi kì í rà á, mà. Ìwé ìpolówó ọjà tí wọ́n ń jù sẹ́nu ọ̀nà ló wà."

"Ìyẹn náà, ìwé ni."

Ó yọ aṣọ nínípọn tí ó wà nínú bàtà náà jáde kí ó lè gbẹ lọ́tọ̀, ó ki ìwé sínú bàtà, ó sì gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ inú ilé wọn nígbà òtútù gbẹ bí ọyẹ́ wa, nítorí náà ó ti gbẹ nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì láti yọ́ yìnyín ti fi àlà funfun sí i lára. Fínígà díẹ̀ nínú omi ni ó fi nù ún kúrò. Ìyá rẹ̀ ní kí a fi kún un pé ọmọ náà ti lóyún, a ó sì kéde ìkómọ ní àsìkò rẹ̀.

Bàbá ọlọ́dẹ kò ju búùtù wọn nù. Aránbàtà wa rẹ ẹ́ sínú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi igi nà án fún ọjọ́ mẹ́rin, ó fi òrí ra á lára, ó sì gé táyà ọkọ̀ láti fi ṣe àtẹ́lẹ̀ tuntun fún un. Orí rẹ̀ tí ó sán kò ṣeé tún ṣe, ó lẹ awọ mọ́ ọn. Ó ṣì fún bàbá lẹ́sẹ̀ díẹ̀, wọn kò sì lè wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n wọ̀ wá sí ìpàdé. Aránbàtà náà yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán wa lẹ́yìn ìpàdé tí ń bọ̀. Kí olúkúlùkù kó bàtà ọmọ rẹ̀ tí ó yanu wá, kí ó sì mú owó gọ́ọ̀mù dání.